Omi Tí Mo Fi Du Ọ̀rẹ́ Mi

Àwa méjì péré la gbọ́ ohun tí mo sọ lórí pápá ní Ìlọrin lọ́jọ́ tí a gba ife. Ẹnì kejì mi ti wà nínú ilẹ̀. Láti ìgbà tó ti lọ ni wọ́n ti ń fi ìtàn rẹ̀ ṣe wáàsí káàkiri Ọ̀fà, tí ìyá rẹ̀ ń gbọ́ ọ, tó sì ń rí ìtùnú nínú rẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ìtàn náà kò pé. Bí mo bá sọ èyí tó kù, màá gba ìtùnú kan ṣoṣo tí obìnrin náà ní lọ́wọ́ rẹ̀. Bí n kò bá sì sọ ọ́, irọ́ ni mo ń jẹ́ kí wọ́n máa sọ nínú ilé Ọlọ́hun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tó dá mi sí títí mo fi pinnu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpinnu náà ṣì ń korò lẹ́nu mi títí di òní.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ dàgbà ládùúgbò kan náà, kò jìnnà sí ojú irin. Ilé-kéwú kan náà la lọ. Ìyá rẹ̀ ń rán aṣọ ilé-ìwé, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí a bá sì ti ń bọ̀ láti ilé-kéwú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ yà kí n tó délé wa. Màámi ni òun ń pè é. Màámi ni èmi náà ń pè é. Ọjọ́ kan náà la ka Kùránì parí, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì ṣe wólímọ̀ fún wa. Ọ̀rẹ́ mi dúró níbẹ̀, ó ní ó tó òun. Èmi tẹ̀ síwájú. Mo ka àwọn ìwé òfin ìjọsìn lọ́dọ̀ àáfà wa, mo mọ ohun tó ń ba àlùwàlá jẹ́ àti ohun tó ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Díẹ̀ ni mo mọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà pọ̀ lójú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, nígbà tó sì yá, ó pọ̀ lójú èmi fúnra mi.

Ọmọ ìlú wa kan tó ti pẹ́ lókè òkun ló dá ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù náà sílẹ̀. A ti ń gbá a nílé-ìwé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rò pé wọ́n lè máa san owó oṣù fún ènìyàn nítorí rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun yóò san án, àwọn mìíràn láti ìlú márùn-ún ní àwọn náà yóò dá tiwọn sílẹ̀, a ó sì máa bára wa díje títí a ó fi mọ ẹni tó máa gba ife. Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà: ẹnì kan á máa ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan láti ẹgbẹ́ kejì á di igi mú láti gbá a, ẹlòmíràn á lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó di igi mú, á máa hán bọ́ọ̀lù tí igi kò bá bà. Ọ̀rẹ́ mi ló ń jù ú. Èmi ni mo ń lóṣòó.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé mo ti ríṣẹ́, ó ní kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún òun. Mo ṣàlàyé.

"Wọn yóò máa sanwó oṣù fún ọ, kí o ṣáà máa lóṣòó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ìyá ẹ ti ń lóṣòó nídìí iná láti ọgbọ̀n ọdún. Bá mi bi wọ́n bóyá wọn yóò gbà á."

Pápá ilé-ìwé kan la fi ń ṣe ilé. Àwọn ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ ń wá wò wá, lẹ́yìn náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ polí, lẹ́yìn náà àwọn àgbà. Bàbá kan wà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ó máa ń gbé àga tirẹ̀ wá. Ìlú oníjàkadì ni wá, eré tí ẹnikẹ́ni kì í ti í fẹ̀yìn balẹ̀ kò yé e.

"Ta ló ṣubú?" á béèrè.

"Kò sẹ́ni tó ṣubú, Bàbá."

"Kí ló dé tí ìyẹn wá ń sá? Ta ló ń lé e?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé e, Bàbá. Bésì ló ń sá lọ."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan níbẹ̀, Bàbá. Àpò tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ni."

Yóò mi orí, yóò sì jókòó títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́ẹ́ ṣú. Kò pa ọjọ́ kan jẹ ní gbogbo sáà náà.

A pàdánù eré méjì àkọ́kọ́. Àwọn ará Èkó ń rí gbogbo àmì tí mo ń fi ọwọ́ ṣe fún ọ̀rẹ́ mi, wọ́n sì ń mọ irú bọ́ọ̀lù tó fẹ́ jù kó tó jù ú. Ọ̀rẹ́ mi ló wá ronú kan ohun tí a jọ mọ̀ láti kékeré. Ní ilé-kéwú, orí oríkèé ìka la ti ń fi àtàǹpàkò ka tẹ̀síbáà. Bí mo bá fi àtàǹpàkò kan oríkèé òkè, kó jù ú tààrà. Oríkèé àárín, kó jẹ́ kó wọ́. Ìsàlẹ̀ ìka, kó fà á díẹ̀díẹ̀ kí ẹni tó di igi mú lè gbá afẹ́fẹ́. Ìka tí mo bá sì bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀ máa sọ bóyá kó wá sí ọ̀tún tàbí òsì. Kò sẹ́ni tó lè rí i kà. Ní ọjọ́ kan, ẹni tó di igi mú láti Kàdúná bínú, ó yíjú padà ó kígbe pe réfírì.

"Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀! Ẹni tó lóṣòó yìí ń pọfọ̀ sí mi lẹ́yìn!"

Réfírì wá. "Kí lo mú dání?"

"Ìka mi ni, sà."

"Ṣí i." Mo ṣí i. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi ti tẹ̀ kọdọrọ níbi tó dúró sí, ó ń fi ìbọ̀wọ́ bo ẹ̀rín.

Láti ìgbà náà ni a ti ń borí. Ọlọ́hun ló ṣe é. Bọ́ọ̀sì kan là ń wọ̀ lọ sí gbogbo ibi tí a ti ń díje. Kóòṣì wa, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tó tún ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, á gbàdúrà lórúkọ Jésù kí bọ́ọ̀sì tó ṣí. Èmi á ṣe tiwa tẹ̀lé e. Gbogbo wa á sì jọ ṣàmín sí méjèèjì. Nígbà tó yá, àwọn tí a jọ ń ṣeré bẹ̀rẹ̀ sí pè mí ní Alfa. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè ní tòótọ́: ṣé a lè pa ìrun méjì pọ̀ lójú ọ̀nà, ṣé ẹ̀jẹ̀ orúnkún tó bó ń ba aṣọ ìkírun jẹ́. Mo ń dá wọn lóhùn. Mi ò purọ́, ó ń dùn mọ́ mi ju bọ́ọ̀lù lọ.

Oṣù Ramadan bá wa ní ìparí sáà náà, nígbà tí oòrùn mú jù lọ lọ́dún. Eré tí yóò gbé wa dé àṣekágbá jẹ́ ti Ìbàdàn. Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n bi mí léèrè. Àáfà wa ti kọ́ wa ní bí ọ̀nà ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó kí ó tó di ìrìn-àjò tí ènìyàn lè torí rẹ̀ ṣínu, kó wá san án padà lẹ́yìn oṣù. Ìbàdàn ju ìyẹn lọ. Mo ní kí wọ́n mu omi. Wọ́n mu ún, èmi náà mu ún, a sì borí.

Àṣekágbá di Ìlọrin. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n tún bi mí. Mo dìde dúró, mo di irin àga mú bí oníwáàsí, mo ní, "Ìlọrin kò tó ìrìn-àjò. Ẹni bá gbààwẹ̀ kó gbà á tán." Wọ́n kùn díẹ̀, wọ́n gbà. Àwọn onígbàgbọ́ inú wa náà ní àwọn kò ní mu omi lójú wa. Ọ̀rẹ́ mi jókòó létí fèrèsé. Ó ti sọ fún mi pé inú ń run òun láti òru, pé sààrì tí òun jẹ kò dúró nínú òun. Mo gbọ́ ọ. Mo ní yóò fúyẹ́ bí eré bá bẹ̀rẹ̀.

Èrò pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ará Ọ̀fà kún bọ́ọ̀sì mẹ́rin wá, bàbá rélùwéè wà láàárín wọn pẹ̀lú àga rẹ̀. Ilẹ̀ gbóná débi pé ó ń la bàtà wa kọjá. Ọ̀rẹ́ mi ju bọ́ọ̀lù bí ẹni tí kò ní ṣe é mọ́ láyé. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Kóòṣì gbé omi wá fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọwọ́ dá a padà. Kóòṣì wò mí. Kì í ṣe ẹ̀sìn rẹ̀, ó ń bẹ̀rù kó má sọ̀rọ̀ kọjá àyè rẹ̀. Mo gbé ojú kúrò.

Ìpele mẹ́sàn-án ni eré náà. Ní ìpele keje, ọ̀rẹ́ mi fi orí pè mí. Mo rìn lọ bá a ní àárín pápá. Kò làágùn mọ́. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ rí, mo sì rò pé ohun tó dáa ni.

Ó fi ìbọ̀wọ́ bo ẹnu. "Alfa, ojú ń ṣú mi. Ṣé mo lè mu omi?"

"Mo ti sọ fún yín nínú bọ́ọ̀sì. Ìlọrin kò tó ìrìn-àjò."

Ó wò mí. Mo tún ní, "Ó ku díẹ̀. Má jẹ́ kí tòní bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, Alfa àgbà. Padà lọ lóṣòó."

Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Kò gùn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá lè ṣínu, ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ̀ ọ́n ní ilé-kéwú, èmi náà sì ti kọ́ ọmọdé tó pọ̀ ní gbólóhùn yẹn gan-an. Kò wá sí mi lọ́kàn. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé mo ti sọ ọ̀rọ̀ kan ní ìdúró lójú gbogbo wọn láàárọ̀, n kò fẹ́ yí i padà lọ́sàn-án.

Ó ju ìpele méjì tó kù. Ayò kan péré la fi borí. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn gbá afẹ́fẹ́, mo fo dìde pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi, mo sì rí ọ̀rẹ́ mi tó kúnlẹ̀ níbi tó dúró sí, tó rọra fi iwájú orí kan ilẹ̀. Ariwo ta. Gbogbo wa sáré lọ. Mo ronú pé, "Ẹ wo ọmọ yìí, òun ló rántí ọpẹ́ ṣáájú èmi tí wọ́n ń pè ní Alfa." Ojú tì mí díẹ̀. Mo forí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó kù forí kanlẹ̀ yí wa ká. Àwọn ará Ọ̀fà ń ké Alláhù Akbar látorí ìjókòó, àwọn ayàwòrán ń yà wá. Mo gbàdúrà gígùn. Mo dúpẹ́ fún ife, fún ẹsẹ̀ mi, fún ìyá mi, fún ọ̀rẹ́ mi.

Nígbà tí mo dìde, tí àwọn yòókù dìde, ó ṣì wà nílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ó tó, ó tó, wọ́n ti gbọ́ ọ lọ́run." Nígbà náà ni mo wo ibi tí ó kọjú sí. Kì í ṣe Kíbúlà. Àwa tí a bá a forí kanlẹ̀, a ti yí ara wa sí ìhà tó yẹ láìronú, bí ọwọ́ ṣe ń mọ ọ̀nà ẹnu. Òun kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé omi sí.

Kóòṣì ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó yí i sókè.

Ọlọ́hun ṣàánú, kò kú lọ́jọ́ náà. Àwọn dókítà ní oòrùn àti òùngbẹ ti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ń gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní Ìlọrin. Èmi àti Màámi la jọ ń bá a lọ. Ohun tó sì ṣòro jù ni pé, nítorí kíndìnrín náà, wọn kò gbà á láyè láti mu omi tó. Ife kékeré kan láàárọ̀, òmíràn lálẹ́. Ọwọ́ mi ni ife náà máa ń wà bí Màámi bá lọ kírun. Ètè rẹ̀ á gbẹ, á máa wo ọwọ́ mi.

"Alfa," ó ní lọ́jọ́ kan, "Ìlọrin nìyí náà. Ṣé ó ti wá di ìrìn-àjò báyìí?"

Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún lójú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tó ní abẹ́rẹ́ lára lù mí lẹ́sẹ̀.

"Dákẹ́. Màámi ń bọ̀. Má sọ fún un o. Ó ní aládùúgbò wa kan ti fi àwòrán yẹn hàn án, ibi tí mo ti forí kanlẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Jẹ́ kó máa dùn."

Mo ṣèlérí. Oṣù mẹ́jọ ló fi wà bẹ́ẹ̀. Ó lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, a sì sin ín ní Ọ̀fà kó tó di ìrọ̀lẹ́. Bàbá rélùwéè wá láìgbé àga.

Àwòrán náà kò kú ní tirẹ̀. Ó wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn. Màámi fi férémù sí tirẹ̀, ó gbé e kọ́ sókè ẹ̀rọ ìránṣọ. Oníwáàsí kan rí i, ó fi ṣe wáàsí: ọ̀dọ́mọkùnrin tí òùngbẹ ń pa, tí oòrùn ń pa, tí kò ba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́, tó gba ife ayé tó sì forí kanlẹ̀ fún Oní-ayé. Wáàsí náà dára. Mo gbọ́ ọ ní mọ́sálásí mẹ́ta. Níbi gbogbo, Màámi á wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé àwọn obìnrin, bí wọ́n bá sì parí, wọ́n á máa wá kí i. "Ẹ kú oríire ọmọ, Alhaja." Ó máa ń dáhùn pẹ̀lú ohùn tó dúró. Mo máa ń bá a rìn padà sílé. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, ìwọ lo rí i lójú ara ẹ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?" Èmi á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní òpin ọ̀sẹ̀ nígbà náà. N kò gbá bésíbọ́ọ̀lù mọ́. Ramadan mìíràn dé. Lára àwọn tí mo ń kọ́ ni ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tó ní àrùn foníkú-fọládìde. Ìyá rẹ̀ ti ní kó má gbààwẹ̀, dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ń gbà á ní ìkọ̀kọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, eegun bẹ̀rẹ̀ sí ro ó níwájú mi, ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò. Mo gbé omi sí i lẹ́nu. Ó di ẹnu pọ̀.

"Mu ún, o lè mu ún."

"Bọ̀ọ̀dá yẹn ò mu ún," ó ní. "Wọ́n ní bó ṣe ń kú lọ, kò mu ún."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo pariwo mọ́ ọn. Níkẹyìn mo di agbárí rẹ̀ mú, mo da omi sí i lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́, ó ń sunkún, mo ń sunkún. Ọlọ́hun jẹ́ kó yè. Wọ́n gbé e délé ìwòsàn lásìkò. Bí mo ṣe ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀, n kò yà sílé. Ọ̀dọ̀ Màámi ni mo lọ.

Ó ń rán aṣọ lọ́wọ́, nítorí àsìkò aṣọ ọdún ni. Mo jókòó sílẹ̀. Mo sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí, mo sọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi bi mí àti èsì tí mo fún un. Mo sọ pé ó ní kí n má sọ, mo sì sọ ti ọmọbìnrin náà. Ẹsẹ̀ Màámi kò kúrò lórí ẹ̀rọ, ó rán aṣọ náà dé ìpẹ̀kun, ó gé òwú rẹ̀.

"Ó béèrè omi lọ́wọ́ ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Láti ìgbà tí o ti wà ní kékeré bíi báyìí, ilé yìí lo ti ń mu omi. O kì í béèrè. O máa ń ṣí àmù fúnra ẹ ni."

Mi ò lè gbójú sókè.

"Ó ti wúwo lórí ẹ," ó ní, "lo ṣe gbé e wá fún mi. Ó ti wá fúyẹ́ fún ẹ báyìí, àbí?"

"Kò fúyẹ́, Màámi."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe? Kí n ní mo ti dárí jì ọ́? Aṣọ ọmọ ọlọ́mọ wà nílẹ̀." Ó mú aṣọ mìíràn, ó fi sábẹ́ abẹ́rẹ́, kò rán an. "Ọmọbìnrin tí o sọ yẹn, ọmọ ta ni?" Mo sọ fún un. Ó mọ ìyá rẹ̀. Òun ló rán aṣọ ilé-ìwé ọmọ náà. Ó bo ojú. Ó ní, "Lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Má fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ èmi nìkan. Mi ò lè dá a gbé."

Mo lọ bá àáfà wa, tó ti darúgbó. Ó gbọ́ mi tán, kò bá mi wí. Ó ní kí n wá ní ọjọ́ kejì, níbi wáàsí ìrọ̀lẹ́ kí ó tó di ìṣínu. Ó fún mi ní gbohùngbohùn. Mo sọ ọ́. Èrò kún. Mo sọ pé ìforíkanlẹ̀ tí wọ́n rí nínú àwòrán, ìṣubú ni, pé kò kọjú sí Kíbúlà. Mo ní Mùsùlùmí òdodo ni ọ̀rẹ́ mi, èmi ni n kò ní ìmọ̀ tó.

Nígbà tí mo parí, bàbá àgbà kan ní iwájú nawọ́. "Alfa, ó dáa. Ṣùgbọ́n Ìlọrin gan-an, ṣé ìrìn-àjò ni àbí kì í ṣe ìrìn-àjò?"

"Kì í ṣe ìrìn-àjò," ẹlòmíràn dá a lóhùn.

"Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà àtijọ́ ńkọ́?"

"Ọ̀nà àtijọ́ tó bàjẹ́ yẹn? Ìyẹn jìn díẹ̀ sí i."

Ó di àríyànjiyàn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àáfà wa fi ọ̀pá na pákó tó wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ dákẹ́! Ọmọ náà kò béèrè ọ̀nà!"

Wọ́n dákẹ́. Ohùn obìnrin kan tó ń sunkún wá láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Mi ò mọ̀ bóyá òun ni.

Nígbà tí a ṣínu tán, mo dúró níta. Màámi jáde pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó kí i kú oríire ọmọ. Mo kúnlẹ̀, mo sálámà sí i. Ó dáhùn.

"Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́?"

"Ó ti ń jẹun, mà."

"Ṣé ó ń mu omi?"

"Ó ń mu ún dáadáa, mà."

"Ó dáa." Ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Mo gbé ẹsẹ̀ láti sìn ín bí mo ṣe máa ń ṣe, ó fi ọwọ́ sọ fún mi pé kí n dúró.

Ó ti ń lọ sí ọdún kan báyìí. Bí mo bá kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, mo máa ń kí i, ó sì máa ń jẹ́ mi. Kò pè mí ní ọmọ mi mọ́. N kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń gbàdúrà fún ọ̀rẹ́ mi lẹ́yìn gbogbo ìrun, pé kí Ọlọ́hun fún un mu nínú odò ọgbà Rẹ̀ títí yóò fi yó, mo sì máa ń dúpẹ́ pé ìyá rẹ̀ ṣì ń dá mi lóhùn.